Búrẹ́dì Orí Àjà

Ẹni tó bá sọ pé a lè fi rédíò kọ́ ọmọ ní búrẹ́dì ṣíṣe, kí ó yáa wá fi rédíò náà bá mi họ ẹ̀yìn, ká jọ wò ó. Láti oṣù kẹta tí wọ́n ti ti ilé ìwé pa nítorí Kòrónà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ láti inú rédíò Philemon. Á ní, "Ẹ wo ọwọ́ mi dáadáa. Ẹ wo bí mo ṣe ń pò ó. Ṣé ẹ rí i báyìí?" Aníwúrà, ìyá tó bí Philemon, á na ọrùn wo ẹ̀yìn rédíò, á ní òun ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o, àfi bátìrì. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín.

Jésùtómi, ọmọ Philemon, nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló wà ní kíláàsì àṣekágbá, òun ló yan iṣẹ́ oúnjẹ ṣíṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní kétárìn. Kí Kòrónà tó dé gan-an, kò tíì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun nílé ìwé rí. Wọ́n ní ófùnù kan níbẹ̀ o. Ó tóbi, ó ń dán, ọdún kẹta rèé tó ti dé, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de àwọn àlejò tó máa wá láti Àkúrẹ́. Yíyà ni wọ́n máa ń ní kí àwọn ọmọ yà á sínú ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Jésùtómi mọ ófùnù yà débi pé bí ẹni tó rọ ọ́ bá gbàgbé ibì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò wá béèrè. Kó tan iná sí i ni kò mọ̀.

Àfi bí Ìyáàfin Adésànyà, olùkọ́ wọn, ṣe fi ohùn ránṣẹ́ lójijì lórí Wásáàpù. Ó ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ kò lè dúró de Kòrónà mọ́. Kí oníkálukú ṣe búrẹ́dì nílé ìyá rẹ̀, òun yóò máa wá láti ilé dé ilé lọ́jọ́rú, láti Òsòòrò bọ̀ sí Igbódìgò títí dé Ìjù-Odò. Ẹni tó bá gbé búrẹ́dì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe síwájú òun, òun yóò fún un ní máàkì. Ẹni tí kò bá rí nǹkan gbé síwájú òun, òdo ni, orúkọ rẹ̀ kò sì ní bá ti àwọn tó kù lọ fún ìwé ẹ̀rí lọ́dún yìí.

Juliet, ìyá Jésùtómi, ní kí wọ́n tún ohùn náà gbé sí òun létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé oúnjẹ kan ní Òkìtìpupa ti ní àwọn máa gba ọmọ náà síṣẹ́ kété tó bá ti mú ìwé ẹ̀rí yẹn dé. Inú bí i. Ó ní, "Wọn ò kọ́ ọ, wọ́n wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá wá fùláwà lọ. Kóńgò kan péré ló rí ní gbogbo Igbódìgò, torí mọ́tò tó ń kó o wá kò rìn déédéé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́rú mọ́, ara gbogbo ilé yá gágá bí ẹni pé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló bọ́ sí i. Philemon kọ ẹ̀kọ àárọ̀, ó ní òun ń gbá inú ikùn òun mọ́ de búrẹ́dì, ó sì mú àdá, ó gba oko lọ kí ebi lè pa á dáadáa. Jésùtómi wé gèlè funfun tí ìyá rẹ̀ máa ń wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní alásè gidi kì í jẹ́ kí irun òun hàn. Wọ́n ti gbé ìkòkò ńlá kan kaná ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bu yanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú yanrìn gbígbóná yẹn ni agolo búrẹ́dì máa jókòó sí, wọn á dé ìkòkò, wọn á kó ẹyin iná lé ìdérí. Ófùnù tiwọn nìyẹn. Kò ní ọ̀rá lára.

Jésùtómi da fùláwà sínú báàfù funfun, ó bu iyọ̀ sí i, ó bu ṣúgà, ó gé bọ́tà, ó wá ya ìdì péńpé kan, ó gbọn nǹkan inú rẹ̀ sí i.

"Kí nìyẹn, ọma mi?" Aníwúrà, Ìyá àgbà rẹ̀, ló béèrè, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yíìsì ni, Ìyá àgbà. Ìwúkàrà. Òun ló máa jẹ́ kó wú."

"Ìwúkàrà? Èyí tí wòlíì máa ń bá wí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Òun náà ni, Ìyá àgbà."

"Òun lẹ wá fọwọ́ ara yín gbé wọ inú ulí mi, ilé àdúrà!"

Juliet ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wú ná. Tí a bá jẹ ẹ́ tán, a ó ronú pìwà dà." Ìyá àgbà pòṣé, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó fẹ́ mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ń wú.

Bí Jésùtómi ṣe ń pò ó ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ìka, ó lẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́, ó fò mọ́ gèlè funfun. Juliet dá sí i, òun náà há. Ìyá àti ọmọ wá wà nídìí báàfù kan, ọwọ́ mẹ́rin nínú àmúlùmálà kan, wọn ò mọ ẹni tó ni èwo mọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Juliet fẹ́ fi omi kún un, Jésùtómi kọ̀. Ó ní kí àwọn ṣáà máa fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, kí àwọn má fi ìka tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, nǹkan náà gbọ́ràn. Ó fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di rogodo kan ṣoṣo, ó ń dán.

Jésùtómi dúró, ó ń wò ó. "Màámi, kò sí ibi tí wọ́n kọ èyí sí nínú ìwé wa."

Ó da aṣọ bò ó, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Báàfù funfun kejì wà níbẹ̀, ìbejì rẹ̀ gan-an, torí ṣọ́ọ̀ṣì ló pín méjèèjì fún wọn lọ́jọ́ ìkórè kan náà. Ẹ̀gẹ́ tí ìjọba pín fún wọn, tí Ìyá àgbà rẹ sómi láti ọjọ́ Ẹtì, tó ti rà, tó ti yọ okùn inú rẹ̀ fún pùpùrù, ló wà nínú ìyẹn, aṣọ wà lórí òun náà.

"Màámi, mo fẹ́ sáré dé ilé Ìyá Joy kí n wo fóònù wọn, bóyá Tísà ti sọ àkókò tó máa dé. Tó bá ti wú dé ẹnu báàfù, ẹ bá mi pín in sínú agolo, kí ẹ gbé e sórí iná."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Jésùtómi lọ. Juliet wo èédú tó wà nílẹ̀, ó rí i pé kò lè bo ìdérí ìkòkò. Eléèédú tó wà ní oríta kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ mọ́, kí àwọn tó ń lé ènìyàn wọlé má baà bá a. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó fi ìbòmú há etí, ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí.

"Ìyá! Ẹ bá mi mójú tó nǹkan inú báàfù funfun yẹn o. Tó bá ti wú, ẹ pín in, kí ẹ gbé e sórí iná."

"Mo gbọ́, ìyàwó."

Agolo ni kò dárúkọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìkánjú. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe pùpùrù, nǹkan funfun tó bá ti kan tó sì ti wú, ọ̀nà kan ló mọ̀: wọ́n á mọ ọ́n ní rogodo rogodo, wọ́n á tò ó sórí àjà onígi tó wà lókè ààrò, kí iná àti ẹfin máa yan án. Àtọjọ́ tí wọn ò tíì bí Juliet ni Ìyá àgbà ti ń gbé nǹkan sórí iná báyẹn.

Ìlà èédú lọ́jọ́ náà, ìran ni. Wọ́n ní kí oníkálukú jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n wá jìnnà débi pé ènìyàn mẹ́jọ péré ló wà lórí ìlà, síbẹ̀ ẹni tó kẹ́yìn ti wọ inú oko olóko. Láti ibẹ̀ ló ti ń fi igbe ná èédú. Juliet rẹ́rìn-ín títí ìbòmú fi já. Nígbà tó máa fi padà dé ẹnu ọ̀nà, oòrùn ti ga, òun àti Jésùtómi sì pàdé níbẹ̀. Ọmọ náà ti dúró ti fóònù títí ohùn Tísà fi wọlé, ó ń fò bọ̀.

"Aago méjì ni wọ́n ń bọ̀, Màámi! Aago méjì!"

Wọ́n jọ wọ ilé ìdáná. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Jésùtómi ṣí ìkòkò yanrìn. Yanrìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo inú agolo, ó ṣófo. Ó wo báàfù kan, ẹ̀gẹ́ ni. Ó wo èkejì, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ìyá àgbà, níbo ló wà?"

Ìyá àgbà na ìka sókè. Rogodo méje tò sórí àjà, ẹfin ń kọjá láàrin wọn, iná ń jó lábẹ́ wọn, ara wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

"Mo ti gbé e sórí iná," ni Ìyá àgbà wí. "Àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí ìjọba pín yìí, kò dáa o. Mò ń mọ ọ́n, ó ń fà tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí oje rọ́bà! Mo ní ó dáa náà, kí la ti gbà lọ́wọ́ ìjọba rí tí kò fà?"

Igbe tí Jésùtómi ké, Ìyá Joy, alágbàtà tó múlé tì wọ́n, gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgbà. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi gèlè funfun bo ojú. "Ó ti tán. Òdo ni. Òdo ni mo gbà, Màámi. Fùláwà ò sí níbì kankan."

Àkókò yẹn ni Philemon ti oko dé, ó ń fa atẹ́gùn símú láti ẹnu ọ̀nà. "Búrẹ́dì dà?" Wọ́n fi hàn án, wọ́n sì sọ ti ẹ̀gẹ́ ìjọba fún un. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó tún wo òkè, ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní láti ìgbà tí òyìnbó ti mú búrẹ́dì dé, èyí nìkan ló máa mọ ọ̀nà àjà. Bí Jésùtómi ṣe ṣí ojú wò ó, ẹ̀rín náà dá.

"Ìye," ó yíjú sí ìyá rẹ̀, "ta ló ní kí ẹ gbé e síbẹ̀?"

Ìyá àgbà la ẹnu. Ó wo Juliet. Juliet náà wò ó, apẹ̀rẹ̀ èédú ṣì wà lórí rẹ̀. Ó mọ ohun tó sọ àti ohun tí kò sọ. Ó dúró kí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ lé òun lórí. Ìyá àgbà pa ẹnu dé, ó yíjú sí iná, ó ti igi kan wọlé.

"Ojú mi ni," ó wí. "Ojú mi ti di ti àgbà. Mi ò mọ èwo lèwo mọ́."

"Ìye, ẹ tún bínú sí ẹ̀gẹ́ ìjọba!" ni Philemon wí, kò sì sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín mọ́. "Ọdún kan gbáko ló bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí!" Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Juliet sọ èédú kalẹ̀, kò jẹ́wọ́. Ojú tì í débi pé ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá.

Ìyá Joy ti yọrí lókè ọgbà. Obìnrin náà kì í jẹ́ kí wàhálà ilé ẹlòmíì pẹ́ kó tó kàn án. "Ìyá Tómi, ẹ má pa ara yín o. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi níbí. Láàárọ̀ yìí ló dé, ó ṣì rọ̀. Ẹ bọ́ ọ̀rá rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọnú agolo, ẹ fi iná rà á lára díẹ̀. Ta ló máa bi búrẹ́dì léèrè ibi tó ti wá?"

"Ìyá Joy lọ́gbọ́n," ni Philemon wí.

"Tísà máa bi mí bí mo ṣe ṣe é," ni Jésùtómi wí láti ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ ò mọ bí o ṣe ṣe é ni? O ṣe é. Ibi tó lọ ni kò dáa," ni Ìyá Joy dá a lóhùn.

Juliet gba búrẹ́dì náà. Ó bọ́ ọ̀rá rẹ̀, ó tì í sínú agolo, kò wọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wọ̀, bó ṣe mú ọwọ́ kúrò ni ó wú padà, ó fò bọ́ sílẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n, ó tún tẹ̀ ẹ́. Philemon wá bá a dì í mú. Tọkọtaya di ẹni tó ń bá búrẹ́dì jà, Ìyá Joy sì ń júwe ọ̀nà láti òkè ọgbà, "Fi ìdí rẹ̀ wọlé! Ìdí ni kí ẹ fi wọlé!" Ẹ̀rín tún fẹ́ gbé Juliet, ṣùgbọ́n ó gbúròó Ìyá àgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń yí rogodo méje náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àjà, kí iná lè dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ni Ìyá àgbà wí fún iná. Kò sí ẹni tó bá a parí rẹ̀.

Aago méjì kò tíì lù tí ọ̀kadà fi dún ní iwájú ilé. Ìyáàfin Adésànyà sọ̀ kalẹ̀, ìbòmú dúdú ló bò ó dé abẹ́ ojú, fáìlì wà lábẹ́ apá rẹ̀, ekuru ọ̀nà ti kun bàtà rẹ̀. Ó sọ fún ọlọ́kadà pé kó dúró. Juliet kúnlẹ̀ kí i, Jésùtómi kúnlẹ̀, Philemon na àga sí i, ó gbé e jìnnà sí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú rédíò. Agolo wà lórí tábìlì, búrẹ́dì Ìyá Joy wà nínú rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀ bí ẹni tó rọ́ lápá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Tísà wí. Ó rẹ̀ ẹ́. "Ilé mẹ́fà ni mo ti yà láti àárọ̀. Ọ̀kan fún mi ní nǹkan kan, mo jù ú sí ajá wọn, ajá sá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú. Ó ṣí fáìlì, ó na ọwọ́ sí agolo. "Jésùtómi, ṣé èyí ni?"

Jésùtómi wo ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi etí ìró nu ojú, Juliet ò mọ̀ bóyá ẹfin ni tàbí ẹkún.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá àgbà wí, "ẹ má bá ọma mi wí. Ó ṣe tirẹ̀. Ojú mi ló bà á jẹ́."

Juliet gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n fọ́ ọ létí. Ó fọwọ́ lé agolo kí Tísà tó gbé e.

"Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ojú yín kọ́, ẹnu mi ni." Ó yíjú sí Tísà. "Ma, ilé alágbàtà lèyí ti wá, ẹ má fún un ní máàkì kankan. Ọmọ yìí po tirẹ̀ láàárọ̀, ojú mi ni, ọwọ́ mi ni. Ó ní kí n pín in sínú agolo. Mo sọ pé kí wọ́n pín in, mi ò dárúkọ agolo. Ìyá mi gbé e sórí àjà pùpùrù. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo sì dákẹ́ tí wọ́n fi ń bá a wí."

Philemon wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa orí. Ìyá àgbà ní, "Ṣé dandan ni kó o sọ ọ́ ni?" ṣùgbọ́n ó ti súnmọ́ Juliet, ó ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àjà pùpùrù," ni Tísà wí. "Níbo ni àjà náà wà?"

Gbogbo wọn tò tẹ̀ lé ara wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ọlọ́kadà náà tẹ̀ lé wọn, Ìyá Joy ti fò kọjá ọgbà. Rogodo méje náà ti dúdú kirikiri. Jésùtómi gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ nǹkan kan tó fi mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń họ pùpùrù, dúdú ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Abẹ́ rẹ̀ pọ́n. Ó là á sí méjì. Oru jáde, inú rẹ̀ funfun báláú, ó rọ̀, ihò kéékèèké wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ.

"Ó jinná!" ni Jésùtómi ké. "Màámi, ó jinná!"

Philemon ti mú ìdajì kan. Kò jẹ ẹ́, ó gbé e mì ni. Ìyá Joy ní kí wọ́n mú tòun wá kí òun fi ṣe ẹlẹ́rìí. Tísà fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n, ó bu díẹ̀, ó jẹ ẹ́ lọ́ra, ó tún bu sí i. Ó jẹ èyí tó bù, ó tún la ìka. Ìyá àgbà ń wò ó bí ẹni tó ń tajà wo oníbàárà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ìdánwò níbẹ̀ lórí ìdúró. Tísà wo fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti ní kí òun kọ ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣe é, dídín wà níbẹ̀, sísè wà níbẹ̀, ófùnù wà níbẹ̀, àjà ò sí. "Ẹ kọ ọ́ sí i," ni Ìyá àgbà wí, "ṣé bíírò yín ti gbẹ ni?" Tísà kọ ọ́ sí i. Ó kọ méjìléláàádọ́rin síwájú orúkọ Jésùtómi.

"Nínú mélòó?" ni Ìyá àgbà béèrè.

"Ọgọ́rùn-ún, Ìyá."

"Ta ló kó méjìdínlọ́gbọ̀n tó kù?"

"Ẹfin ni, Ìyá. Ẹfin wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀."

"Ẹfin gan-an ló dùn níbẹ̀! Mo rí i tí ẹ la ìka!" Ariwo ẹ̀rín sọ. Tísà fagi lé e, ó sọ ọ́ di márùndínlọ́gọ́rin. Juliet kò mọ ìgbà tó gbé Jésùtómi sókè. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé e sókè bí ọmọ ọwọ́, wọ́n jọ fẹ́ ṣubú sínú ìkòkò yanrìn.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, Tísà béèrè pé kí ló ṣe tí kò fi le bí òkúta. Jésùtómi ní òun kò fi omi kún un nígbà tó ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ ni òun fi ń tì í títí ó fi fọwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ó fọwọ́ sílẹ̀ báwo?"

Jésùtómi ṣàlàyé. Tísà tún béèrè, báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé ó tó? Jésùtómi tún ṣàlàyé, ó ń fi ọwọ́ tì í nínú afẹ́fẹ́. Juliet ń wo obìnrin náà. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ ọmọ náà, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó wá yé Juliet pé kì í ṣe ìdánwò ló ń ṣe mọ́.

"Ìyá Jésùtómi," ni Tísà wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ojú pátákó ni mo ti ń kọ́ wọn ní búrẹ́dì. Kọ́kọ́rọ́ ófùnù yẹn ò tíì kàn mí lọ́wọ́ rí." Ó wo fáìlì. "Òdo mẹ́fà ni mo kọ láàárọ̀ yìí."

Ẹyin iná kan ta nínú ààrò. Juliet ti ní èébú kan nílẹ̀ fún olùkọ́ yìí láti ọjọ́ tí ohùn Wásáàpù ti dé, ó wá a lẹ́nu, kò bá a níbẹ̀.

Tísà pa fáìlì dé. "Mẹ́rin ló kù ní Ìjù-Odò. Fùláwà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án, wọ́n ń dúró kí n wá sọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Lọ́la, ma á padà sọ́dọ̀ àwọn mẹ́fà yẹn, ma á wá fùláwà fún wọn fúnra mi." Ó yíjú sí Jésùtómi. "Wọ bàtà rẹ."

Jésùtómi wo ìyá rẹ̀. Juliet ní, "Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ọmọ náà sáré wọlé, ó sáré jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló tíì wọ̀. Ọlọ́kadà ti gun ọ̀kadà rẹ̀. Tísà gòkè, Jésùtómi gòkè sẹ́yìn rẹ̀, fùláwà ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, gèlè funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé nǹkan létí Tísà kí wọ́n tó kúrò lójú ilé.

Ìyá àgbà jáde síta pẹ̀lú rogodo kan lọ́wọ́, ó ń họ ọ́. "Níbo ni wọ́n ń gbé ọma mi lọ?"

"Ìjù-Odò, Ìyá. Ó ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní búrẹ́dì."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Tísà ńkọ́?"

Juliet ń wo ekuru tó kù lójú ọ̀nà.

"Òun náà ń lọ kọ́ṣẹ́ ni."